Charlotte Méjì, Rasheedat Kan

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1817, Charlotte, ọmọ-ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní ilé rẹ̀ ní Claremont, lẹ́bàá London. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni. Ó ti rọbí fún nǹkan bí àádọ́ta wákàtí, òkú ọmọkùnrin ló sì bí. Àwọn dókítà tó dúró tì í kò fi irin fa ọmọ náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, olórí wọn yìnbọn pa ara rẹ̀. Gbogbo èyí wà lákọsílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀.

Ohun tí kò sí lákọsílẹ̀ ni ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní ìyá àti ọmọ yè. Ìyẹn, ẹ̀yìn pépà ògiri kan ló wà, pépà tó gùn tó ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú fúláàtì kan tó kọjú sí adágún Birchmere Park ní Thamesmead. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹni tó ń lọ sí ilé ìdáná gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Nurain Ṣónúbi ló kọ ọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé-ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó wá sí London ní 1998. Ní London, ẹnikẹ́ni ò ní kó wá kọ́ ọmọ àwọn ní ìtàn. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì wọ Crossness, létí odò Thames, níbi tí omi ìdọ̀tí apá gúúsù ìlú náà ń ṣàn lọ. Pọ́ǹpù ló ń tún ṣe níbẹ̀ títí dòní.

Inú kíláàsì ní Ìjẹ̀bú ni eré "ká ní" yìí ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í pé ká ní wọn ò bí Victoria, ṣé àwọn ṣójà ìbá wá jà ní Ìjẹ̀bú ní 1892. Dípò kó dá a lóhùn, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wádìí ìdí tí wọ́n fi bí Victoria. Ìdí náà ni Charlotte. Nígbà tó kú, ọmọ méjìlá ni ọba àgbà, bàbá bàbá rẹ̀, ní láàyè, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ní ọmọ tí òfin gbà mọ́. Àwọn ọmọ ọba tí irun orí wọn ti ń dín, tí wọ́n ti ń bá àlè gbé tipẹ́, wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri ilẹ̀ Jámánì, wọ́n ń wá ìyàwó. Ọ̀kan nínú wọn ló bí Victoria, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ọdún 1819. Àwọn ọmọ Victoria àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ń fẹ́ ọkọ, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, títí tí púpọ̀ nínú ààfin Yúróòpù fi di ilé àna rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ obìnrin kan ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Ní ti Ìjẹ̀bú, Nurain ò tan àwọn ọmọ náà jẹ. Ó ní àwọn oníṣòwò ló ń wá ọ̀nà gbà kọjá, pé bó bá jẹ́ ìran Charlotte ló wà lórí oyè, ìbọn ìbá ṣì dún.

Nígbà tó dé Crossness, eré náà tún bá a níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ilé àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1865, tó ti di ibi tí àwọn àlejò ń wá wò. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ bí ọmọ ènìyàn: Victoria, Prince Consort, Albert Edward, Alexandra. Ìyá, bàbá, ọmọ, ìyàwó ọmọ. Adrian, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n jọ ń tú pọ́ǹpù, kì í jẹ́ kó gbádùn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

"Tí Charlotte rẹ yẹn ò bá kú," Adrian á ní, "orúkọ ta ni wọn ì bá kọ sára irin yìí?"

"Èyí tó bá wù wọ́n," Nurain á dá a lóhùn. "Ohun tó ń gba inú páìpù kọjá ò ní béèrè."

Eré ni, títí di oṣù kẹwàá ọdún 2019.

Rasheedat ni ọmọ kan ṣoṣo tí Nurain àti ìyàwó rẹ̀, Adérónkẹ́, bí. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni ní Woolwich. Tọ́ládé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ló fẹ́ ẹ. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó wọ ilé ìwòsàn lọ bímọ, ní ọjọ́ Túsìdé. Nígbà tó di Tọ́sìdé, wọ́n pe Nurain lórí fóònù níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Ọmọ náà, ọkùnrin, ti kú sínú. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni wọn ò rí dá dúró.

Ilé ìwòsàn kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Wọ́n ní àwọn ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò fínnífínní, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá ṣe tí ìbá yí i padà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Nurain ka lẹ́tà náà títí ó fi mọ ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan parí sí, kò sì rí ohun tó lè fi jiyàn níbẹ̀, kò sì rí ohun tó lè fi gbà á gbọ́.

Kò lọ síbi ìsìnkú. Nílé tiwọn, bàbá àti ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, wọn kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Tọ́ládé àti àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí ló gbé e lọ, gbogbo wọn sì ṣọ́ ẹnu wọn kí wọ́n má dárúkọ ibẹ̀. Títí dòní, tí bọ́ọ̀sì bá gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú kankan kọjá, Nurain á yíjú sí òdìkejì. Ó lè jẹ́ ibẹ̀, ó sì lè máà jẹ́ ibẹ̀.

Ilé náà pa rọ́rọ́. Tẹ́lẹ̀, tí Nurain bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà ló máa ń pe ọmọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ìgbà mẹ́ta, ohùn rẹ̀ á máa gòkè sí i. Ó mọ̀ pé ọmọ ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ọmọ náà mọ̀ pé bàbá òun mọ̀. Ìgbà kẹta ló máa ń tó dáhùn, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Daddy, mo ti gbọ́ jàre." Kódà nígbà tó ti lọ sílé ọkọ, tí bàbá rẹ̀ bá dé tó rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ìgbà yẹn ni pépà ògiri wọ ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó ṣẹ́ kù lára èyí tí wọ́n rà fún yàrá ọmọ ni, odindi róòlù kan. Àwòrán pẹ́pẹ́yẹ kéékèèké ló wà lójú rẹ̀. Nurain da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí ẹ̀yìn. Adérónkẹ́ rí àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà níbi tí etí pépà ti ká, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá.

Lórí pépà yìí, Charlotte jí lọ́jọ́ keje oṣù náà, ó ní kí wọ́n fún òun ní tíì. Ó jọba ní 1830, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì pẹ́ lórí oyè. Àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ tó ń bá àlè gbé ò sáré fẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọn ò bí Victoria. Leopold, ọkọ Charlotte, ò lọ jọba ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní London títí ó fi darúgbó. Ọmọkùnrin wọn fẹ́ ìyàwó láti Pọ́túgà, ó bí mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ní orúkọ, wọ́n ní oyè, wọ́n ní àna ní Jámánì àti ní Rọ́ṣíà. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ nìkan ni kò ní orúkọ. Níbi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà, "Ọmọ" ni Nurain kọ. Àádọ́rin ọdún ló fún un láyé, síbẹ̀ kò rí orúkọ tó máa sọ ọ́.

Tọ́ládé fẹ́ ìyàwó mìíràn ní 2023. Moráyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, Woolwich ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ "o" ló ń pe gbogbo ayé, àgbà àti èwe. Bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ló ṣe ń dá a padà fún wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá kí wọn ní Birchmere, ó ní, "Mummy, o ti jẹun?" Adérónkẹ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Tọ́ládé ò dẹ́kun wíwá. Oṣooṣù ló ń wá, ó ń ra iṣu wá, ó ń bá wọn tún iná ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nínú gbogbo ìbẹ̀wò wọ̀nyí ni pé kí wọ́n dárúkọ Rasheedat.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, 2025, Tọ́ládé dá wá. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. Ó ṣàlàyé látilẹ̀ pé Moráyọ̀ lóyún, pé ọmọbìnrin ni dókítà rí, pé ó kù díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí Daddy àti Mummy wá bá àwọn sọ ọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ tó wà lọ́kàn rẹ̀: Rasheedat.

Nurain béèrè ẹni tó gbé èrò náà wá.

"Èmi ni, Daddy. Mo ti discuss ẹ̀ pẹ̀lú Moráyọ̀. Ó ní kò burú."

"Kò burú," Nurain tún un sọ. "Orúkọ yẹn ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ."

Ó wá ṣe ohun tó máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá dun ún: ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Tọ́ládé ní ìtàn. Ó ní nínú ayé tòótọ́, kì í ṣe ti pépà, Leopold opó yẹn di ọba ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ó fẹ́ ọmọ ọba Faransé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1840, ìyàwó kejì yìí bí ọmọbìnrin, Leopold sì sọ ọ́ ní Charlotte, orúkọ ìyàwó tó kú. Bóyá ó dun ìyá ọmọ, bóyá kò dùn ún, ìwé tí Nurain kà ò sọ. Charlotte kejì yìí dàgbà, ó fẹ́ ọmọ ọba kan láti Ọ́síríà, wọ́n fi ọkọ rẹ̀ jẹ ọba ní Mẹ́síkò. Àwọn ará ibẹ̀ yìnbọn pa á ní 1867. Kó tó di ìgbà yẹn, orí obìnrin náà ti dàrú. Wọ́n tì í mọ́ inú ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì wà láàyè bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, títí di 1927.

Tọ́ládé ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ṣé orúkọ ló ṣe é, Daddy?"

Nurain ò lè purọ́ lórí ìtàn. Ó ní òun ò mọ̀.

"Rasheedat kì í ṣe ọmọ ọba," Tọ́ládé ní. "Ọmọ Thamesmead ni."

Nurain ní kó dìde. Kò ṣèlérí nǹkan kan fún un. Tọ́ládé mu omi, ó dúpẹ́, ó sì lọ wa ọkọ̀ rẹ̀.

Adérónkẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Nígbà tó jáde, àwo ló ń nù lọ́wọ́, ó sì ń nù ún nìṣó lẹ́yìn tó ti gbẹ. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó ti kíyè sí ohun tí wọ́n ń pe àwọn méjèèjì báyìí. Nurain ò kíyè sí i. Láyé ọjọ́sí, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ wọn ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ọjà Woolwich. Bàbá Rasheedat, Ìyá Rasheedat, ó parí. Nígbà tí ọmọ kú, àwọn ènìyàn, nítorí àánú, yí i padà. Nurain di Alhaji, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà. Adérónkẹ́ di Auntie.

"Àánú ló ń ṣe wọ́n, mo mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ààbọ̀ rèé tí mi ò gbọ́ orúkọ ọmọ mi lẹ́nu èèyàn, àfi lónìí. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Nurain lọ tẹ́ pépà rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wá àyè tó lè fi Charlotte kejì sí. Kò sí àyè. Leopold tirẹ̀ ò lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, kò fẹ́ ọmọ ọba Faransé, kò sí ilé tí wọ́n lè bí ọmọ náà sí. Ó ti fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé pa á rẹ́ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn láì mọ̀, òun àti gbogbo ọgọ́ta ọdún tó fi ya wèrè. Nígbà yẹn ló tó yé e pé bí òun bá rí ohun tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún, tí Rasheedat bá gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ọmọ tó wà nínú Moráyọ̀ ò ní sí níbì kankan. Kò sì lè fi ọwọ́ sí àyà kó ní òun ò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún Adrian lọ́jọ́ kejì, ní Crossness, níbi tí wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì. Adrian ò fi dá àpárá. Ó bi í pé èwo ló fẹ́ nínú méjèèjì. Nurain nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì padà sídìí pọ́ǹpù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó yí i lọ́kàn padà, òun náà ò sì lè sọ ọ́ dáadáa. Adérónkẹ́ gbà pé ọ̀rọ̀ tòun ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí Tọ́ládé, gbólóhùn kan péré: Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ó wá.

Wọ́n bí ọmọ náà ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún. Ìyá rẹ̀ yè. Nurain béèrè ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù.

Ìkómọ bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ kẹwàá, ní fúláàtì Tọ́ládé ní Tavy Bridge. Èèyàn ò pọ̀. Àga ò tó, àwọn kan jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n gbé wá sí pálọ̀. Moráyọ̀ wà lórí àga tó sún mọ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ wú díẹ̀, ó lé tìróò, ó sì dára. Ó rí àwọn arúgbó méjèèjì tí wọ́n wọlé, ó ní, "Mummy, Daddy, o ṣeun tó o wá," ó sì fẹ́ dìde. Adérónkẹ́ dá a padà sórí àga.

Àáfáà pe ìrun sí ọmọ náà ní etí ọ̀tún. Ìyá Moráyọ̀ gbà á, ó sọ ọ́ ní Àbẹ̀bí, ó sì ṣàdúrà gígùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e fún Nurain. Wọ́n ti sọ ohun tó máa sọ fún un: kó bojú wo ọmọ, kó ní, orúkọ rẹ ni Rasheedat, kí gbogbo ilé ṣe àmín. Ó ti há a sórí nínú bọ́ọ̀sì. Adérónkẹ́ dúró tì í, ó sún mọ́ ọn gan-an kí etí rẹ̀ má baà pàdánù nǹkan kan.

Ọmọ náà fúyẹ́. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e, ó sì ń sùn. Nurain bojú wò ó, ó la ẹnu.

"Rasheedat."

Kì í ṣe bí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ ló ṣe pè é. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí èyí tó kù, wọ́n ti la ẹnu fún àmín. Nurain gbé orí sókè kúrò lára ọmọ náà, ó yí etí sí ọ̀nà yàrá, ó sì dúró.

"Rasheedat," ó tún ní. Ohùn rẹ̀ gòkè díẹ̀.

Adérónkẹ́ nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe. Ó di apá rẹ̀ mú, kò sì fà á. Ó fẹ́ kó dákẹ́, ó sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tọ́ládé ń wo ilẹ̀. Àáfáà wo ojú Tọ́ládé, ó wo ti Nurain, ó pa ìwé rẹ̀ dé.

"Rasheedat!"

Ìgbà kẹta nìyẹn. Bó ti máa ń rí láti ẹnu ọ̀nà Birchmere gẹ́lẹ́ ló rí, ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tí kò tíì bọ́ bàtà. Ó kún gbogbo ilé. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ta jìjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nurain ò wo ọmọ náà. Ọ̀nà yàrá ló ṣì kọjú sí, etí rẹ̀ ń wá èsì tó máa ń tẹ̀lé ìgbà kẹta.

Moráyọ̀ na ọwọ́ méjèèjì láti orí àga rẹ̀, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀. Kò pariwo, inú ò sì bí i. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Daddy," ó ní, "ta lò ń pè?"